Òkúta Inú Etí Ẹja

Àwòrán mọ́kànlélógójì ni mo dì sínú ẹ̀rọ wá sí Ẹ̀pẹ́.
Iná lọ bí mo ṣe ṣí ìkejì.
Kíláàsì ti kún: apẹja, àwọn tó ń yan ẹja,
àwọn ọmọ tó rọ̀ mọ́ fèrèsé bí àdán.
Bàbá Jìnádù jókòó níwájú, àwọ̀n lórí itan rẹ̀,
ó ń tún ojú tó já ṣe.
Etí ló fi yá mi, kò fi ọwọ́ yá mi.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí
níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kì í rẹ́rìn-ín.
Mo wá la ẹnu lédè tí mo fi sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi,
ọ̀rọ̀ ò jáde.
Ìyá mi wà lórí bẹ́ǹṣì kẹta,
ó ń fi ìborùn nu ojú, ó ń wò mí
bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka wàláà níwájú Alfa.

Ni mo bá ní, "Ẹ fún mi ní ẹja kan."
Káṣìmáwò sáré gbé ọ̀bọ̀kún wá, ó ṣì ń mí.
Mo la orí rẹ̀ níbi tí agbárí ti pàdé ẹ̀yìn,
mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ yọ ọ́:
òkúta funfun, kò tó hóró ìrẹsì.
"Inú etí ẹja lèyí ti wá."

Ẹ̀rín bú. "Ẹja létí?"
Ìyá Alímọ́tù ní, "Ó létí, ẹ̀yin lẹ ò rí i.
Ta ní ń gbọ́ ìró àjẹ̀ yín tó fi ń sá lọ?"

Mo ní lọ́dọọdún ni òkúta yìí ń dá aṣọ ọdún,
ṣùgbọ́n kì í bọ́ ti èṣí:
orí rẹ̀ náà ló ń wọ tuntun lé.
Lẹ́ẹ̀rùn, tí iyọ̀ bá gòkè wá láti ọ̀nà òkun,
aṣọ á tínrín.
Lójò, tí Ọ̀ṣun bá da omi ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀sà, á nípọn.
A ó gé e, a ó fi awò tó ń sọ eèrà di erin wò ó,
a ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ẹja ò lè parọ́ ọjọ́ orí.
"Ó sàn ju Múfútáù lọ," ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn,
"tó ti pé ọgọ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo sọ èyí tó gbé mi wá.
Ẹgbẹ̀ta ẹja la ti là.
Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, aṣọ kan ṣoṣo ló wọ̀.
Wọn ò tí ì yé ẹyin rí.

Abẹ́rẹ́ Bàbá Jìnádù dúró nínú àwọ̀n.
"Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ omi," ó ní,
"ọ̀bọ̀kún a máa gùn láti ìgúnpá mi dé ìka.
Pé wọ́n ń kéré, ojú mi ti rí i, n ò retí òkúta.
Èyí tí òkúta rẹ ò sọ ni mo fẹ́ gbọ́.
Ọkọ̀ tó ń fa yanrìn níwájú ilé wa lóru,
ṣé ó wà lára aṣọ náà?
Bí mo bá sì fẹ ojú àwọ̀n yìí lọ́la,
kí lará ilé mi ó jẹ títí ẹja ó fi dàgbà?"

Mo wo ìwé mi.
Kò sí yanrìn níbẹ̀. Kò sí ará ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.
"N ò mọ̀," ni mo wí,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà
tí n kò wá Yorùbá rẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní.
Mo kọ ọ́, bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Lálẹ́, orí ẹja náà ti wọ ọbẹ̀.
Ìyá mi tú etí ìborùn rẹ̀, níbi tó máa ń so owó sí,
ó yọ òkúta yẹn jáde, ó gbé e súnmọ́ àtùpà.
"Aṣọ mélòó lo ní ó wọ̀?"
Mo ní, n ò tí ì kà á.
Ó tún un so padà.